Ẹnu Lẹ Bá Wí, Ẹ Fi Ọwọ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ òṣèré, ẹ̀yin tí àga iwájú máa ń jẹ́ tiyín níbi ìpàdé àwọn oníròyìn, ẹjọ́ yín ni mo mú wá. Mi ò gbé e lọ sí kóòtù, mi ò sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi owó ara wọn wo iṣẹ́ yín ni mo gbé e wá: ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Ojúwòyè ní Múṣin, ọmọ yunifásítì tó ń wo fíìmù lórí fóònù ní Àkókà, awakọ̀ tó ń retí èrò ní Ojúẹlẹ́gbà. Àwọn ló sọ yín di ẹni tí à ń pè ní àgbà, àwọn náà ló sì yẹ kó gbọ́.

Ẹ̀sùn mi kò ṣòro ó sọ. Bí obìnrin kan nínú iṣẹ́ yín bá pariwo pé ẹnì kan hùwà ìkà, ẹni tó pariwo lẹ kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́kun. Ẹnu lẹ ń bá wí. Ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà á wà níbi tó wà.

Iṣẹ́ obìnrin kan ni mo fẹ́ so ẹjọ́ yìí mọ́. Alice Ìyábọ̀ Ògúnró ni wọ́n bí i ní Èkó lọ́dún 1977. Ìyábọ̀ Òjó ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1998 ló bẹ̀rẹ̀ eré, òṣèrébìnrin bíi tirẹ̀, Bímbọ́ Akíntọ́lá, ló sì ràn án lọ́wọ́ débi tó ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: obìnrin ló fa obìnrin wọlé. Eré Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀ kó tó yà sí ti Yorùbá, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti wá tàn. Ní 2004, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń dúró kí olóòtú kan ránṣẹ́ pè wọ́n, ó gbé fíìmù tirẹ̀ jáde, Bólútifẹ́, kò sì káwọ́ gbera láti ìgbà náà. Ó dá àjọ Pinkies sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Mo ń ka gbogbo èyí kí ẹ lè rí i pé nígbà tí ọdún 2021 fi máa dé, kì í ṣe ọmọdé tó ń wá ipa kékeré nínú eré ló lọ dúró níwájú àgọ́ ọlọ́pàá ní Pántì. Obìnrin tó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ni, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò bá a san owó ilé.

Ẹ̀sùn kìíní nìyí: ìyà ẹni tó fi ọgbẹ́ ọmọdé ṣe eré àti ìyà ẹni tó pariwo nítorí ọmọ náà, ọ̀kan náà ni lọ́dọ̀ yín.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n gbé ẹjọ́ kan dé àgọ́ ọlọ́pàá Sábó ní Yábàá. Wọ́n ní òṣèré kan tí gbogbo wa mọ̀, Ọláńrewájú James tí à ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀ṣà, ṣe ohun tí àgbà kì í bá ọmọdé ṣe pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan. Kámẹ́rà wà nílé tí wọ́n ti mú un. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, Múyíwá Adéjọbí, tó jẹ́ agbẹnusọ ọlọ́pàá Èkó nígbà náà, kéde pé ọkùnrin náà ti wà ní àhámọ́, ẹjọ́ sì ti kúrò ní Sábó bọ́ sí ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ọlọ́pàá Èkó ní Pántì. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa yìí, Pántì kì í ṣe orúkọ òpópónà mọ́. Bí wọ́n bá ti ní ẹjọ́ ẹnì kan ti dé Pántì, àwọn ẹbí rẹ̀ á ti máa wá lọ́yà kiri.

Lásìkò yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹfà. Ilé ẹjọ́ tì pa. Nítorí náà, ìta Pántì ló di kóòtù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ béèlì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ẹnu dé ẹnu, Ìyábọ̀ Òjó gba ibẹ̀ lọ, òṣèrébìnrin Nkechi Blessing náà lọ, àwọn mìíràn sì wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ẹjọ́ ọmọ náà wọlẹ̀. Lódì kejì ni Yọmí Fábíyìí wà, òṣèré bíi tiwọn, tó ń fẹ̀hónú hàn pé kí wọ́n tẹ̀lé òfin kí wọ́n sì fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní béèlì rẹ̀.

Mo gbọ́ ti Fábíyìí o, mi ò sì ní fi í ṣẹ̀sín. Òfin ló sọ pé ẹni tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹni tó ń bèèrè béèlì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rú òfin kankan. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó gbé fíìmù kan tó pè ní Ọkọ Ìyábọ̀ jáde lórí YouTube. Gbogbo ẹni tó bá wo fíìmù náà ló mọ ẹjọ́ tó fi ṣe é, àwọn orúkọ tó wà nínú rẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò alálàyé. Inú ayé ru. Ní oṣù Keje 2021, TAMPAN, ẹgbẹ́ òṣèré yín, tí Bọ́lájí Amúsàn tí à ń pè ní Mr Latin jẹ́ ààrẹ rẹ̀ nígbà náà, ní kí Fábíyìí lọ rọ́kún nílé. Mo kí yín fún ìyẹn. Ẹ gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ, mi ò ní torí pé mo ń fẹjọ́ yín sùn kí n fi í pamọ́.

Oṣù Kẹjọ dé, àgbà òṣèré Jídé Kòsọ́kọ́ bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, ó ní kí olùdarí eré kankan nínú ẹgbẹ́ má ṣe lo Ìyábọ̀ Òjó àti Nkechi Blessing mọ́. Ó ní àwọn obìnrin méjèèjì ń tàbùkù àgbà àti ẹgbẹ́ lórí ayélujára.

Ẹ jẹ́ ká wo òṣùwọ̀n tí ẹ fi wọn èyí. Ọkùnrin kan fi ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ adájọ́ ṣe fíìmù: ẹ yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Obìnrin méjì fi ọ̀rọ̀ gbígbóná gbè sẹ́yìn ọmọ náà: ẹ yọ wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni pé ẹnu Ìyábọ̀ Òjó kì í dùn bí inú bá ń bí i. Á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń du omi nídìí ẹ̀rọ. Àwọn gbólóhùn kan wà tí èmi fúnra mi ì bá gé kúrò. Ṣùgbọ́n èébú ní ìtọ́jú tirẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. À ń pe ọmọ jókòó, à ń rán ẹni tó bá lè bá a sọ̀rọ̀ sí i, à ń gba ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí ní yàrá. A kì í torí èébú gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ̀sùn kejì kò pọ̀ rárá. Gbólóhùn tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà lọ́jọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí ni pé ọ̀rọ̀ ti dé kóòtù, ká fi kóòtù sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó dáa. Kóòtù ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2022, ní ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àkànṣe ní Ìkẹjà, Adájọ́ Olúwatóyìn Táíwò dá Ọláńrewájú James lẹ́bi nínú mẹ́rin lára ẹ̀sùn mẹ́fà tí ìjọba fi kàn án. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni gbogbo ẹ̀wọ̀n tó dá fún un lápapọ̀, àmọ́ torí pé wọn ó jọ máa lọ pọ̀ ni, ọdún márùn-ún ló jẹ́. Ó pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ìbéèrè tèmi kò kan òun. Ọjọ́ wo lẹ pe àwọn oníròyìn jọ, bí ẹ ṣe pè wọ́n jọ ní oṣù Kẹjọ 2021, kí ẹ sọ pé ariwo tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn pa kì í ṣe ariwo asán? Ẹni tó mọ ọjọ́ náà kó sọ ọ́ fún wa.

Ẹ̀sùn kẹta ló dùn mí jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Ẹ mọ̀, èmi náà sì mọ̀, pé àṣẹ yín kò lè fi ebi pa Ìyábọ̀ Òjó. Ẹni tó ti ń ṣe fíìmù tirẹ̀ láti 2004, tí ẹgbàágbèje ènìyàn ń tẹ̀lé lórí Instagram, kò nílò kí ẹnikẹ́ni nínú yín pè é sí lókéṣọ̀n. Ní 2025 ó gbé Lábákẹ́ Olódodo sí sinimá, àwọn ènìyàn sì tò láti wò ó. Ta wá ni àṣẹ náà wà fún? Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Ìyàwó tí mo ń wí ni ọmọbìnrin tó ń gbé nílé onífaséfasé ní Múṣin tàbí ní Ìdí Àràbà, tó ti parí ìwé mẹ́wàá, tó ń fẹ́ di òṣèré. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e. Ọ̀nà àtiwọṣẹ́ yìí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ wọn. Abẹ́ ọ̀gá kan ni, nínú ẹgbẹ́ kan. Mi ò sọ pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ burú. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Ọdúnfá ní Ẹbúté Mẹ́ta ti mú àwọn òṣèré jáde tí orúkọ wọn kò lè parun, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin àgbà náà sì jẹ́ ẹni tó ru ẹrù ọ̀gá kó tó di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀gá yìí náà ni ọmọbìnrin náà ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹnu ọ̀gá ni iṣẹ́ wà. Kò sí ìwé àdéhùn. Aṣọ ara rẹ̀ ló máa kó dání wọ ṣeré. Ipa wáká-páàsì ni wọ́n máa fún un, kó gbé àwo wọlé kó sì jáde, owó tí wọ́n á sì fún un lè má tó owó ọkọ̀. Kò ní ráhùn. Ó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Ọjọ́ kan á wá jẹ́ lókéṣọ̀n tó jìnnà, ní Abẹ́òkúta, ní Ìkòròdú, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú Òde. Bọ́ọ̀sì olóòtú ló gbé wọn lọ, bọ́ọ̀sì olóòtú náà ló máa gbé wọn bọ̀. Eré á wọ òru. Yàrá kò ní kárí. Ẹnì kan tó lágbára lórí iṣẹ́ náà á ní kó wá sun ibì kan. Mi ò ní láti parí ìtàn náà, gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí ló mọ bó ṣe máa ń parí, àwọn òṣèrébìnrin tó ti dàgbà sì ti sọ irú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí rédíò láìmọye ìgbà, pẹ̀lú ẹ̀rín, torí pé ẹ̀rín nìkan ni wọ́n lè fi sọ ọ́ kí wọ́n má bàa pàdánù iṣẹ́ ọ̀la.

Bó bá di òwúrọ̀, ta ni ọmọ náà máa fẹjọ́ sùn? Ọ̀gá rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ẹni náà. Alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ ni ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Bó bá sì gbójú sókè wo ibi gíga jù, ohun tó máa rí ni àwọn àgbà tó jókòó ní oṣù Kẹjọ 2021, tí wọ́n ń ka orúkọ obìnrin méjì. Ó máa sọ fún ara rẹ̀ pé: bí wọ́n bá lè ṣe ti Ìyábọ̀ Òjó báyìí, èmi ta ni? Ó máa wọ bọ́ọ̀sì. Ó máa dákẹ́ dé Ojúẹlẹ́gbà. Ohun tí àṣẹ yín rà nìyẹn.

Ẹ̀sùn kẹrin kan àwọn mákẹ́tà, torí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèré ló dá ọ̀nà fífòfin de òṣèré yìí sílẹ̀. Lọ́dún 2004, àwọn tó ń pín fíìmù láti Ìdúmọ̀tà dé Oníṣà àti Ábá fòfin de àwọn òṣèré tó gbajúmọ̀ jù lọ. Wọ́n ní owó wọn ti pọ̀ jù, wọ́n sì ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ọkùnrin wà nínú wọn: Richard Mofe-Damijo wà níbẹ̀, Ramsey Nouah àti Jim Iyke náà wà níbẹ̀. Ẹ má sọ pé obìnrin nìkan ni wọ́n fìyà jẹ. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Genevieve Nnaji àti Ọmọ́tọ́lá Jálàdé-Ekeinde wà nínú wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń fọ́n kiri nípa obìnrin tó dárúkọ iye tó tó kò jọ ti ọkùnrin. Ọkùnrin tó béèrè owó gọbọi, wọ́n ní ó mọ iyì ara rẹ̀. Obìnrin tó béèrè iye kan náà, wọ́n ní ó ti ń gbéraga, pé ta ló ń rán an.

Nígbà náà, Súrùlérè ni olú ìlú fíìmù. Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ á lọ jókòó sí Winis Hotel, tàbí kó lọ sí O'Jez nínú pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀, kí olóòtú lè rí i. Fún ọ̀pọ̀ òṣèré, ìfòfindè bẹ́ẹ̀ ni òpin. Genevieve àti Ọmọ́tọ́lá gba ọ̀nà mìíràn. Genevieve, tó ka ìwé girama ní Yábàá tó sì kàwé eré ní Yunifásítì Èkó ní Àkókà, kọ orin: àwo One Logologo Line jáde ní 2004 yẹn náà. Ọmọ́tọ́lá náà gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 2005. Nígbà tó yá, ìfòfindè náà fọ́, torí àwọn tó ń ra fíìmù kò fẹ́ fíìmù tí wọn ò sí nínú rẹ̀. Ní 2018, Genevieve darí Lionheart fúnra rẹ̀, Netflix sì rà á. Mákẹ́tà tó sọ pé òun á fi ebi pa á, mi ò mọ ibi tó ń tajà báyìí.

Èyí kì í ṣe àìsàn Èkó nìkan. Ní 2016, ẹgbẹ́ tó ń rí sí fíìmù Háúsá yọ òṣèrébìnrin Rahama Sadau lẹ́gbẹ́ torí pé ó dì mọ́ ọkùnrin nínú fídíò orin kan. Ọdún 2018 ni wọ́n tó gbà á padà. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àṣírí ìwà ìfipábánilò olóòtú fíìmù Harvey Weinstein tú ní oṣù Kẹwàá 2017, a gbọ́ pé àwọn òṣèrébìnrin tó kọ̀ fún un ni iṣẹ́ sá fún. Àmọ́ ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwọn olùdarí eré wa gbọ́ dáadáa. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, olùdarí Peter Jackson jáde ó sọ pé ilé-iṣẹ́ Weinstein ti kìlọ̀ fún òun nígbà kan pé kí òun má lo Ashley Judd àti Mira Sorvino, àti pé òun gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ó ní òun ti wá fura pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun. Weinstein sẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tó ti gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dìde, ó ní òun gbà á, ó sì dárúkọ àwọn tí òun fi iṣẹ́ dù.

Ẹ̀yin olùdarí tó gbọ́ àṣẹ oṣù Kẹjọ 2021, ta ni nínú yín ló dìde pé òun ò ní tẹ̀lé e? Ta ló sọ pé ọ̀rọ̀ ẹni tí òun máa fi ṣe eré kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀? Ẹ̀sùn karùn-ún nìyẹn, ẹ̀yin nìkan ló sì kàn.

Mo fẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, torí àwọn kan á ní ayé òde òní ló ba nǹkan jẹ́, pé láyé Ògúndé kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé Ògúndé, ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí Hubert Ògúndé, olórí ẹgbẹ́ alárìnjó, ń múra eré Tiger's Empire sílẹ̀ ní 1946, ó ní láti kéde pé òun ń wá obìnrin tí òun máa sanwó fún kó wá ṣeré. Kò wọ́pọ̀ rárá kí obìnrin jáde lórí ìtàgé bí òṣìṣẹ́ tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, obìnrin tó ń ṣeré kiri ìlú, aṣẹ́wó ni. Ọ̀nà tí Ògúndé gbà yanjú ẹ̀ ni pé ó fẹ́ wọn: púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ló di ìyàwó rẹ̀. Mi ò bú u. Ní àkókò rẹ̀, ìyẹn fún wọn ní orúkọ ọkọ tí wọ́n lè fi dá aráyé lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà: ọ̀gá iṣẹ́ ni ọkọ, ọkọ ni ọ̀gá iṣẹ́, ẹni tí obìnrin máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ránkò fi ṣe pàtàkì lójú mi ju bí ìwé ìtàn eré ṣe máa ń dá a sí lọ: obìnrin tó ní ẹgbẹ́ alárìnjó tirẹ̀, tó ń darí ọkùnrin, nígbà tí gbogbo ayé rò pé obìnrin kò lè ṣe ju kó jó lọ.

Àwọn àgbà òde òní kò fẹ́ gbogbo òṣèrébìnrin wọn, a dúpẹ́. Àmọ́ ìgbàgbọ́ àtijọ́ náà ṣì wà: pé obìnrin nínú eré nílò bàbá kan tó máa dúró fún un, àti pé bó bá bínú sí bàbá náà, kò ní ilé mọ́. Ẹ̀sùn kẹfà ni mo pe ìyẹn.

Ìgbàgbọ́ yìí náà wà nínú àwọn ìwé eré yín, àmọ́ mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Láti Glamour Girls ọdún 1994 ni fíìmù àgbéléwò ti ń kọ́ wa pé obìnrin tó lówó lọ́wọ́ rí i lọ́nà ẹ̀gbin. Nínú ti Yorùbá, ìyá ọkọ ni àjẹ́, ìyàwó kejì ni olóògùn, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá fipá bá lò pọ̀ sì máa ń di ẹ̀rín nínú àwọn eré apanilẹ́rìn-ín kan. Kì í yà mí lẹ́nu bí ẹni tó kọ irú ìran bẹ́ẹ̀ bá kẹ̀yìn sí àwọn obìnrin tó lọ sí Pántì. Ẹ kọ nǹkan mìíràn.

Ẹ̀sùn tó kù jẹ́ ti owó. Ta ló ń gbé iṣẹ́ yìí ró lónìí? A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nínú sinimá nílẹ̀ yìí. Ṣáájú rẹ̀, Amáka Igwe ti fi Violated àti Rattlesnake hàn wá bí a ṣe ń ṣe fíìmù tó níláárí kó tó kú ní 2014. Tọ́pẹ́ Ọ̀ṣìn sì ṣe Amaka's Kin ní 2016 láti fi orúkọ àwọn obìnrin tó ń darí fíìmù sílẹ̀ kí ẹnì kankan má bàa ní wọn kò sí. Obìnrin ló ń mú owó wọlé, obìnrin ló ń mú oyè wọlé láti òkè òkun, obìnrin ni àwòrán rẹ̀ wà lórí pátákó ní Ojúẹlẹ́gbà. Kí ẹ má dá mi lóhùn pé obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ó wà. Ohun tí mo ń béèrè ni ẹni tó mú pẹ́ẹ̀nì lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí wọn kò gbọ́dọ̀ fún níṣẹ́.

Mo ti gbọ́ àwíjàre yín kí ẹ tó wí i. Ẹ máa ní ẹgbẹ́ òṣèré kì í ṣe ọlọ́pàá, pé ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò kó lọ sí àgọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó lè dá ẹni tó bú àgbà dúró láàárín ọjọ́ mélòó kan lè dá olóòtú tó ń fi ipa eré gba ara ọmọbìnrin dúró láàárín iye ọjọ́ kan náà. Agbára náà wà. Ẹni tí ẹ ń lò ó lé lórí ni mo ń torí rẹ̀ bá yín jà.

Mi ò wá tọrọ àforíjì fún Ìyábọ̀ Òjó. Kò rán mi, kò sì jọ ẹni tó ń dúró dè é. Ohun tí mo ń béèrè kéré. Kí ìwé àdéhùn wà kí bọ́ọ̀sì tó gbéra lọ sí lókéṣọ̀n, kí ibi tí obìnrin máa sùn wà nínú rẹ̀. Kí ẹni tó máa gbọ́ ẹjọ́ obìnrin máà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rárá: ìjọba Èkó ní àjọ tó ń rí sí ìwà ipá láàárín ilé àti ìfipábánilòpọ̀, ilé-iṣẹ́ WARIF tí Dókítà Kẹ́mi DaSilva-Ibru dá sílẹ̀ sì wà ní Yábàá níbí, ní Sábó kan náà tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ẹjọ́ 2021 sílẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ẹni tí wọ́n fipá bá lò láìgba kọ́bọ̀. Kí nọ́mbà wọn wà lójú ìwé kìíní gbogbo ìwé eré tí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí. Àti ti oṣù Kẹjọ 2021: bí ẹ bá ti fagi lé e ní kọ̀rọ̀, ẹ padà síwájú kámẹ́rà tí ẹ fi kéde rẹ̀, kí ẹ fagi lé e níbẹ̀, kí ọmọ Múṣin tó gbọ́ àkọ́kọ́ lè gbọ́ èkejì.